Láti Ọ̀dọ̀ Onítúbú Dé Ọ̀dọ̀ Òṣìṣẹ́ Àtúnṣe: Ìtàn Ìmúrasílẹ̀ fún Iṣẹ́ Ọgbà Ẹ̀wọ̀n, Pẹ̀lú Àfiyèsí sí Kàdúná

Ìfáárà

Kawo ni ojú ọ̀nà tí ẹni tí ó bá ń ti Zaria tàbí Kano bọ̀ ń gbà wọ ìlú Kàdúná. Ọgbà Ribadu, tí ó jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gágun tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1964, kò jìnnà sí i. Láti ìgbà tí ìjọba amúnisìn ti gbé olú-ìlú Àríwá kúrò ní Zungeru wá sí Kàdúná ní 1917 ni ìlú náà ti di ìlú àwọn aláṣọ ìjọba: sójà, ọlọ́pàá àti àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Kì í ṣe ohun ìyàlẹ́nu, nígbà náà, bí ọ̀dọ́ kan ní Kawo, yálà ọmọ Hausa ni tàbí ọmọ Gbagyi, tàbí ọmọ Yorùbá tí òbí rẹ̀ ti pẹ́ ní òkè ọya, bá sọ pé iṣẹ́ aláṣọ ìjọba ni òun fẹ́ ṣe.

Ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ni àròkọ yìí dá lé lórí, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò ní ẹ̀kọ́ kankan nínú ju kọ́kọ́rọ́ àti kùmọ̀ lọ. Ìbéèrè wa ni pé: kí ni ó yẹ kí ẹni tí yóò máa ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n kọ́ kí a tó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́? A ó tọpa ìdáhùn tí ìgbà kọ̀ọ̀kan fún ìbéèrè yìí, láti ayé àwọn baba ńlá wa títí dé òfin ọdún 2019. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé orúkọ iṣẹ́ náà máa ń tètè yí padà ju ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ, àti pé ibi tí ẹ̀kọ́ ti kù lẹ́yìn orúkọ ni ewu wà, fún ẹni tí a há mọ́ àti fún ẹni tí ó há a mọ́ pẹ̀lú.

Ìhámọ́ Kí Òyìnbó Tó Dé

Bí a bá fẹ́ mọ ojú tí àwọn baba ńlá wa fi wo ìhámọ́, ó yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wò. Ẹ̀wọ̀n kì í ṣe orúkọ ilé. Irin tí a so kọ́ra ni. Àbà ni igi tí a ń kàn mọ́ ọ̀daràn lẹ́sẹ̀. Ṣẹkẹṣẹkẹ ni ìdè tí ń dá ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ dúró. Ohun tí ń di ara mú ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń tọ́ka sí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó sọ ohun tí a fẹ́ kí ẹni tí a dè dà nígbà tí a bá tú u sílẹ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé àwọn baba wa kò bìkítà nípa ìwà. Ìjìyà wọn ni kò gba ilé ìhámọ́ kọjá. Ìtanràn wà, lílé kúrò nílùú wà, títà sí oko ẹrú wà, ikú sì wà, tí ó jẹ́ pé àwọn tẹ̀tú ni ó ń mú ìdájọ́ rẹ̀ ṣẹ ní Ọ̀yọ́. T. O. Elias, onímọ̀ òfin tí ó di adájọ́ àgbà orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ní 1972, tọ́ka sí i pé ilédì Ògbóni ni ó ń ṣe iṣẹ́ ilé ìhámọ́ láàárín àwọn Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí Ewedo ti ń ṣe é láàárín àwọn Ẹ̀dó. Ṣùgbọ́n ibi ìdúródè ni irú ilé bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹjọ́ ti ń dúró de ìgbìmọ̀ ni. Ní ti títún ìwà ọmọ ènìyàn ṣe, ọwọ́ ẹbí ni ó wà. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì ni ti ìlú. Ọwọ́ ọ̀tún ni ti agbo ilé. Ìṣòro tí a ó rí níwájú bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ìjọba gba ọwọ́ méjèèjì, tí ó kó wọn fún òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo.

Nígbà tí a túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, túbú ni ọ̀rọ̀ tí ó gbilẹ̀ nínú rẹ̀ fún ilé ìhámọ́, onítúbú sì ni olùṣọ́ rẹ̀. Onítúbú ìlú Fílípì nínú ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì yẹ fún àkíyèsí wa. Ó kan àbà mọ́ Pọ́ọ̀lù àti Sílà lẹ́sẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti pa á láṣẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mì, tí ilẹ̀kùn ṣí, ó fa idà yọ láti pa ara rẹ̀, nítorí ó rò pé àwọn òǹdè ti sá. Iye orí ni wọ́n fi ń ṣírò iṣẹ́ rẹ̀: bí iye bá pé, ó yè, bí kò bá pé, ó kú. Síbẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, òun kan náà ni ó ń wẹ ọgbẹ́ wọn. Ojú méjì tí iṣẹ́ yìí ní ti hàn nínú ìtàn kúkúrú yẹn.

Wọ́dà Tí Kò Rí Ilé-Ẹ̀kọ́

Ní 1861 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Ọlọ́pàá ni wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀, ilé-ẹjọ́ tẹ̀lé e, ọgbà ẹ̀wọ̀n sì tẹ̀lé ilé-ẹjọ́. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún náà ni ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street dìde ní Èkó, èyí tí a sọ ibẹ̀ di ọgbà ìgbafẹ́ Freedom Park ní 2010. Kì í ṣe àtúnṣe ìwà ni ó jẹ ìjọba náà lógún. Agbára ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n fẹ́: kí ó gbálẹ̀ ọgbà àwọn aláṣẹ, kí ó la ọ̀nà, kí ó ru ẹrù.

Nígbà tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ agbára ni ìdí ọgbà náà, kò sí ohun tí ó pọn dandan pé kí olùṣọ́ kọ́ ju kíkà lọ: kíkà orí lówurọ̀ àti kíkà orí nírọ̀lẹ́. Àwọn ọlọ́pàá ni ó kọ́kọ́ ń ṣe iṣẹ́ náà mọ́ tiwọn. Lẹ́yìn wọn ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí gba àwọn sójà tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ẹni tí ó ti di ìbọn mú rí ni wọ́n kà sí ẹni tí ó ti múra tán. Àsìkò yìí ni wọ́dà, ọ̀rọ̀ tí a yá láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ inú èdè wa, tí ó sì lé onítúbú padà sínú Bíbélì.

Lẹ́yìn ìsopọ̀ Gúúsù àti Àríwá ní 1914, òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n ti 1916 àti ìlànà ti 1917 fún gómìnà ní agbára láti dá ọgbà ẹ̀wọ̀n sílẹ̀ kí ó sì yan ọ̀gá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò méjì ni ó ń rìn pọ̀. Ìjọba àpapọ̀ ní ọgbà tirẹ̀. Àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ ní tiwọn, èyí tí ó sì gbilẹ̀ jù lọ ní Àríwá. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá gbé Kawo fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì fún ohun kan. Gandiroba ni àwọn Hausa ń pe wọ́dà. Gidan yari ni wọ́n sì ń pe ọgbà náà, níbi tí yari ti jẹ́ olórí àwọn olùṣọ́. Láàfin ni agbára yari ti wá, lọ́dọ̀ gómìnà ni ti wọ́dà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì gbà mọ iṣẹ́ wọn: ojú ni wọ́n fi kọ́ ọ. Alákàn ń fi ojú ṣọ́rí, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orí ara rẹ̀ ni alákàn ń ṣọ́, kì í ṣe orí ẹlòmíràn.

Ní 1934 ni ìjọba yan Ọ̀gágun V. L. Mabb ṣe olùdarí àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ó gbìyànjú láti pa ètò méjèèjì pọ̀, kò ṣeé ṣe. Ohun tí ó rí ṣe ni pé ó mú kí agbára àyẹ̀wò olùdarí nasẹ̀ dé ọgbà àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀, ìgbà tirẹ̀ sì ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ ìgbáyé-gbádùn àwọn wọ́dà sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni nínú ìjọba fi hàn pé wọ́dà pàápàá jẹ́ ènìyàn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba àròjinlẹ̀.

Dolan, Enugu àti Kakuri

Ẹni tí ó rọ́pò Mabb ni R. H. Dolan, tí ó wà lórí oyè láti 1946 di 1955. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ni pé sójà ni Mabb, Dolan sì jẹ́ ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n gan-an. Ó sọ ọ́ di dandan pé kí a máa pín àwọn ẹlẹ́wọ̀n sí ìsọ̀rí, kí ọ̀daràn àtìgbàdégbà má baà máa kọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọsẹ̀ ní iṣẹ́ ibi. Ó gba àwọn ẹbí láàyè láti máa bẹ ẹlẹ́wọ̀n wò. Ó mú kí àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣẹ̀, tí ẹ̀wọ̀n wọn sì gùn, máa rí owó díẹ̀ gbà lórí iṣẹ́ wọn. Ó ṣètò ẹ̀kọ́ àgbà àti ẹ̀kọ́ ìwà lábẹ́ àwọn olùkọ́ ẹ̀sìn Kírísítì àti ti Ìsìláàmù.

Dolan rí i pé kò sí èyí tí wọ́dà àtijọ́ lè ṣe nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Ta ni yóò pín ẹlẹ́wọ̀n sí ìsọ̀rí bí kò bá lè ka ìwé ẹjọ́ rẹ̀? Nítorí náà ni ó ṣe ṣe onígbọ̀wọ́ ìdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Enugu ní 1947, tí ó sì gba àwọn obìnrin tí ó kàwé láti máa ṣe àkóso ẹ̀ka àwọn obìnrin. Láti ọdún yẹn ni iṣẹ́ tí a ń fi ojú kọ́ ti di iṣẹ́ tí a ń jókòó kọ́.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ fún èrò Dolan kò sí ní Enugu. Kàdúná ni ó wà. Ní 1953 ni a ṣí ọgbà ẹ̀wọ̀n gbayawu sí Kakuri, ní apá gúúsù ìlú náà, ní òdìkejì odò sí Kawo. Àwọn tí a kó síbẹ̀ kì í ṣe olè adìyẹ. Àwọn tí ó pa ènìyàn, tí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ wọn àkọ́kọ́, tí ẹ̀wọ̀n wọn sì tó ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni wọ́n. Èrò náà ni pé kí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú ìṣọ́ díẹ̀, kí ayé má baà ṣàjèjì sí wọn ní ọjọ́ tí wọ́n bá jáde.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Níbi tí ògiri bá ga, ògiri ni wọ́dà. Ènìyàn kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Níbi tí kò bá sí ògiri, òṣìṣẹ́ náà ni ògiri. Ó ní láti mọ orúkọ, kí ó mọ ìṣesí, kí ó mọ ọjọ́ tí ìròyìn burúkú ti ilé dé, kí ó sì mọ ẹni tí ń rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ ń jó. Kò sí kùmọ̀ tí ó lè ṣe èyí. Kakuri ni ó kọ́kọ́ fi hàn ní Kàdúná pé ìmọ̀ nípa ọmọ ènìyàn jẹ́ apá kan ètò ààbò.

Ìparapọ̀, Àṣẹ Ọdún 1972, àti Òǹkọ̀wé Kan ní Àhámọ́

Ìparapọ̀ tí Mabb wá tí kò rí dé nígbà ìjọba ológun. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1968 ni a ti pa ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ àti ti ìjọba àpapọ̀ pọ̀. Gandiroba àti wọ́dà wá di òṣìṣẹ́ ìjọba kan náà. Lẹ́yìn èyí ni Àṣẹ Kẹsàn-án ti 1972 to iṣẹ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ: kí wọ́n máa tọ́jú ẹni tí ilé-ẹjọ́ bá fi ránṣẹ́, kí wọ́n máa mú un lọ sílé-ẹjọ́ nígbà tí ó bá yẹ, kí wọ́n wádìí ohun tí ó fa ìwà àìtọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ ọ ní ohun tí yóò fi wúlò fún àwùjọ. Wádìí ohun tí ó fa ìwà! Iṣẹ́ babaláwo àti ti oníṣègùn ọpọlọ nìyẹn, a sì gbé e lé ẹni tí a gbà síṣẹ́ nítorí pé ó ga, ó sì lágbára.

Ìwé kan jáde ní ọdún 1972 kan náà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń múra fún iṣẹ́ yìí kà: The Man Died, ti Wọlé Ṣóyínká. Ìjọba ológun mú un ní 1967, kò rí ìdásílẹ̀ títí di 1969. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàdúná ni ó ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkókò náà, ní òun nìkan nínú yàrá, láìsí ilé-ẹjọ́ tí ó dá a lẹ́bi. Àwọn aṣelámèyítọ́ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ìwé ìṣèlú àti gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà. Ohun tí a fẹ́ tọ́ka sí ni pé ìwé nípa àwọn olùṣọ́ ni pẹ̀lú. Fún ẹni tí ó dá wà bẹ́ẹ̀, wọ́dà nìkan ni ó kù nínú gbogbo ayé. Ìkíni rẹ̀, ìdákẹ́ rẹ̀ àti bí ó ṣe ń tilẹ̀kùn di ohun tí a ń kà bí ìwé. Agbára tí ó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí ipò rẹ̀ kéré jù lọ pọ̀ ju èyí tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ fi gbọ́dọ̀ ṣáájú kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀dọ́ Kawo àti Òfin Ọdún 2019

Lónìí, Kàdúná wà lára ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà wà, pẹ̀lú Èkó àti Enugu. Barnawa, ní ìlú Kàdúná kan náà, ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí àwọn ọ̀gá wọn ń lọ wà. Ọ̀nà tí ọ̀dọ́ Kawo fi ń wọlé ṣe kedere. Ẹni tí ó ní ìwé-ẹ̀rí girama bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó ní NCE tàbí dípúlọ́mà bọ́ sí ipò inspẹ́kítọ̀. Ẹni tí ó gboyè yunifásítì bọ́ sí ọ̀wọ́ súpíríǹtẹ́ńdẹ̀ǹtì. Àwọn ìpolówó iṣẹ́ ẹnu ọdún mẹ́ta yìí máa ń béèrè pé kí ọkùnrin ga tó mítà 1.65, kí obìnrin ga tó 1.60, kí ara wọn dá ṣáṣá, kí ilé-ẹjọ́ má sì tíì dá wọn lẹ́bi rí.

A kò gbọ́dọ̀ fi ojú kékeré wo ìdí tí wọ́n fi ń wá iṣẹ́ náà. Kakuri tí ó ní ọgbà ẹ̀wọ̀n gbayawu ni ó tún ní àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ. Kaduna Textiles tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1957 tì ní 2002. UNTL tì ní 2007, kí wọ́n tó tún gbìyànjú láti ṣí i ní 2010. Ní ìlú tí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ti tì, iṣẹ́ tí ó ní owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ẹni tí ebi lé wọ iṣẹ́ lè di òṣìṣẹ́ rere, bí a bá kọ́ ọ.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó sọ àjọ ọgbà ẹ̀wọ̀n di àjọ àtúnṣe ìwà. Òfin náà pín iṣẹ́ sí ọ̀nà méjì: àwọn tí a há mọ́, àti àwọn tí yóò jẹ ìyà wọn láàárín ìlú nípa iṣẹ́ ìsìnlú, ìdásílẹ̀ pẹ̀lú ìtọpinpin, tàbí ìlàjà pẹ̀lú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ó tún fún àwọn aláṣẹ ọgbà ní agbára láti kọ ẹlẹ́wọ̀n tuntun bí ọgbà bá ti kún. Ní 2023, àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ wa fún àwọn ìpínlẹ̀ láǹfààní láti dá sí ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú.

Orúkọ ń roni, Yorùbá gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ orúkọ tuntun yìí wò dáadáa. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tí ó wà ní àhámọ́ ní Nàìjíríà ni ilé-ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́jọ́. Ìwà wo ni a fẹ́ tún ṣe lára ẹni tí a kò tíì mọ̀ bóyá ó hùwà náà? Ẹ̀kọ́ kìíní fún òṣìṣẹ́ tuntun, nígbà náà, kì í ṣe bí a ti ń tún ènìyàn ṣe. Ẹ̀kọ́ náà ni bí a ti ń tọ́jú ẹni tí ó lè jẹ́ aláìṣẹ̀, tí a kò sì ní sọ ọ́ di ọ̀daràn kí ẹjọ́ rẹ̀ tó pé.

Àwọn kan yóò sọ pé ààbò ni ó kù díẹ̀ káàtó, kì í ṣe ìwà pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Ní oṣù kẹrin 2021, ó lé ní 1,800 tí ó sá ní Owerri. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ó lé ní 800 ní Abolongo ní Ọ̀yọ́. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù keje 2022, àwọn agbébọn ya wọ ọgbà Kuje ní Àbújá. Òṣìṣẹ́ tí a kò kọ́ bí a ti ń dáàbò bo ara ẹni àti ọgbà, a ti fi í lélẹ̀ fún ikú. Ṣùgbọ́n Ìlànà Mandela tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbà ní 2015 kò ya méjèèjì nípa. Ìlànà 75 ní kí a kọ́ òṣìṣẹ́ kí ó tó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́, kí ó sì yege ìdánwò. Ìlànà 76 to ohun tí yóò kọ́: òfin, ẹ̀tọ́, lílo agbára níwọ̀n, fífi ọ̀rọ̀ pẹ̀tù sí ìjà, ìtọ́jú pàjáwìrì, àti dídá àìsàn ọpọlọ mọ̀ kí ó tó di ńlá. Ní Norway, ọdún méjì gbáko ni òṣìṣẹ́ fi ń kọ́ irú nǹkan wọ̀nyí. Kì í ṣe pé wọ́n lówó jù wá nìkan; wọ́n gbà pé iṣẹ́ ọpọlọ ni.

Èdè Gẹ́gẹ́ Bí Irinṣẹ́

Ohun kan kù tí ó kan àwa tí ń kọ́ni ní èdè ní tààràtà. Ìlànà 80 sọ pé ó yẹ kí ọ̀gá ọgbà àti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lè sọ èdè tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń sọ tàbí tí wọ́n gbọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni àwọn tí a ń wí. Ọmọ Kawo tí ó ń sọ Hausa lè bá ara rẹ̀ ní Agodi ní Ìbàdàn. Ọmọ Ìbàdàn lè bá ara rẹ̀ ní Sokoto. Bí ẹlẹ́wọ̀n bá ní inú ń rìn òun, tí òṣìṣẹ́ rò pé ó fẹ́ rìn jáde, ọ̀rọ̀ ti di ẹjọ́. Bí àgbàlagbà Yorùbá kan bá dákẹ́ nígbà tí ọmọdé ń jágbe mọ́ ọn, ẹni tí kò mọ àṣà lè pe ìdákẹ́ náà ní oríkunkun.

Èrò wa ni pé ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ní olùkọ́ Hausa, Ìgbò àti Yorùbá tí yóò máa kọ́ wọn ní èdè tí a lè fi tọ́jú ènìyàn: bí a ti ń kí àgbà, bí a ti ń béèrè ìrora, bí a ti ń túfọ̀ ìyá fún ẹni tí kò lè lọ sìnkú. Èdè náà fúnra rẹ̀ sì ń bèèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Wọ́dà ti di ọ̀rọ̀ tí a fi ń bú ènìyàn. Òṣìṣẹ́ àtúnṣe kò tíì wọ etí ará ọjà. Àárín méjèèjì ni ọ̀dọ́ tí ń múra lónìí dúró sí.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ìgbà kọ̀ọ̀kan ní ìdáhùn tirẹ̀. Ìgbà ìdè béèrè agbára. Ìgbà amúnisìn béèrè ìbọn àti ìṣirò orí. Dolan béèrè ìwé, Kakuri sì béèrè ìmọ̀ nípa ọmọ ènìyàn. Àṣẹ 1972 àti òfin 2019 béèrè gbogbo rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kíkọ òfin rọrùn ju kíkọ́ ènìyàn lọ. Ọ̀dọ́ tí yóò gbéra ní Kawo, tí yóò la ìlú já, tí yóò sì sọdá odò Kàdúná lọ kọ́ iṣẹ́ yìí, ọwọ́ òsì ìlú àti ọwọ́ ọ̀tún agbo ilé ni a fẹ́ kó fún un. Bí a bá kọ́ ọ ní ti òsì nìkan, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi í léèrè ọ̀tún. Onítúbú ìlú Fílípì dé ìdí ọpọ́n omi ní òru ọjọ́ kan nítorí pé ilẹ̀ mì. Kò yẹ kí tiwa dúró de ìmìtìtì ilẹ̀.